Beya Kò Ní Wọ Agbọ̀n Ìdọ̀tí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin

Mo dé Zaghouan, ìlú wa, kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli lórí òkè. Màmá ti tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ ní pálọ̀ de òdòdó nesri tí ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi ní Tunis pé ilé ni n óò ti máa ṣiṣẹ́ títí ayẹyẹ òdòdó yóò fi kọjá. Kò bi mí ní ìdí rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohùn Bàbá nínú fóònù mi léraléra lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní tán bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Beya ni. Ìgbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ló jókòó, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ó sì ṣe ọ̀kan fún ẹgbẹ́ tó ń kọ malouf, orin àtijọ́ ilẹ̀ wa, nílùú wa. Gbogbo orin tí wọ́n jogún ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, á to ìlà orin síwájú àwọn olókùn, á sì fún akọrin ní ohùn tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Màmá ló sọ ọ́. Màmá máa ń sọ pé wúrà ni ọkọ ẹlòmíràn ń rà.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní ilé àṣà jóná nígbà òtútù, tuntun méjì sì dé lóṣù tó kọjá. Bàbá gbé Beya sórí ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: "Beya ti bàjẹ́, kò ṣeé ṣí. Ẹ gbé e sínú agbọ̀n ìdọ̀tí." Ó kà á sókè fún mi lónìí kí n lè mọ bí wọ́n ṣe rí òun fín tó.

Màmá dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ta ni wọ́n ní kí wọ́n gbé sínú ìdọ̀tí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọbẹ̀ yìí kalẹ̀ ná."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni eré. Si Mahrez tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ti sọ pé bí Beya kò bá tíì ṣí nígbà tí oṣù Karùn-ún bá wọlé, òun á ra irú èyí tí wọ́n ń tà ní Tunis. Òṣùwọ̀n ohùn àwọn ará ìlà-oòrùn, tó yàtọ̀ sí tiwa, ló wà nínú ìyẹn. Bàbá ní kàkà kí òun fi ohùn àlejò kọrin nílùú òun, òun á kúkú máa ta ẹyin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Lójú ẹni tó ń wò ó láti òde, àwòrán kan tí à ń tẹ̀ ni Beya. Àpò ni ní tòótọ́. Mo tú àpò náà lónìí, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Fódà kan ṣoṣo ni Bàbá lò. Ètò fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, àti àwòrán, àti ohùn, àti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, àti ti Faransé, àti àwọn ètò kéékèèké tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti fọ́tò ọjọ́ ìbí mi nígbà tí eyín iwájú mi yọ, àti bí Màmá ṣe ń po ìyẹ̀fun bísíkíìtì kaak rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí gbogbo rẹ̀ lè wà níbi tí ojú òun tó ni.

Mo ṣàlàyé fún un pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í bèèrè, tuntun ló ń bèèrè. Àwọn tó ṣe é ti pín inú àpò sí yàrá. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tirẹ̀, àwọn ètò olùrànlọ́wọ́ ní tiwọn, ohun tí kò lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí orin àti àwòrán, sì ní yàrá ohun-èlò. Fódà kan ṣoṣo ló kó gbogbo yàrá náà àti ìwé ìdánimọ̀ jọ, òun nìkan ló sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó síbi tó yẹ, a óò fi èdìdì dì í. Bí nǹkan kan bá wà níbi tí kò yẹ, èdìdì kò ní mú, kọ̀ǹpútà á sì ní àpò náà ti bàjẹ́.

"Ṣé àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ni yóò máa sọ ibi tí n óò fi ṣòkòtò mi kọ́ fún mi?"

"Bàbá, ilé wọn la wọ̀."

"Mo sanwó ilé."

"Ilé àṣà ló sanwó."

Ó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì kún orí tábìlì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò. Mo ya bí àpò tuntun yóò ṣe rí sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Bàbá kọjá, ó wò ó. Nígbà tí mo fi máa padà, ó ti fi pẹ́ńsù pupa kọ ọ̀rọ̀ sí i bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: "Ó mọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni Beya máa jókòó?" Màmá ti kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Beya kò tíì jókòó láti àárọ̀."

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Wọ́n ti ń já nesri, gbogbo ilé ń ta sánsán. Kílò kan ti lé ní ogún dínárì. Màmá ní òdòdó tó wọ́n tó ẹran báyìí, ẹyẹ kò gbọdọ̀ bà lé e.

Mo kó ẹrù Beya láti àárọ̀. Orin lọ sí yàrá ohun-èlò, àwọn olùrànlọ́wọ́ lọ sí tiwọn, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti ti Faransé gba fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mú èyí tí onílé ń sọ. Mo tẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ó yọjú, ó sì kú. Nígbà tí mo wádìí, ibì kan ṣoṣo ló ti ń wá orin rẹ̀ kiri, ìyẹn nínú kọ̀ǹpútà tí Bàbá lò nígbà tí mo wà ní yunifásítì, èyí tó jóná yẹn, nínú fódà tó pè ní "Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án". Ó ti kọ ojú ọ̀nà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sínú ètò náà, àfi bí ẹni pé gbogbo ayé ló ní Tijani, bàbá mi, nílé.

Nígbà tí mo fi hàn án, òun gan-an rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sún mọ́ mi. À ń yí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tó ti kọ pé kí ó lọ sílé Tijani, a kọ ọ́ pé kí ó wo inú àpò ara rẹ̀. Ó ń kà, mo ń tẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ mi ní ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ̀lú ọsàn tí wọ́n gé, a kò tíì jókòó pọ̀ báyìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Beya ṣí lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Mo fi èdìdì dì í, mo gbé e lọ sí ilé àṣà, ó ṣí níbẹ̀ náà. Si Mahrez bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó tún ibì kan ṣe nínú orin kejì, ó pa á, ó tún un tẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ní kí á gbé Beya sínú ìdọ̀tí.

Mo lo ọ̀sán lórí rẹ̀ kí n tó rí i. Gbogbo àtúnṣe tí olórin bá ṣe, inú ara rẹ̀ ni Beya ń kọ ọ́ sí. Èèyàn kò lè lẹ lẹ́tà pa tán kí ó tún máa tọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń lò ó bá kọ, ilé ẹni yẹn ló yẹ kí ó wà.

Inú Bàbá kò kọ́kọ́ dùn sí i. Ó ní bí wọ́n bá wá gbé Beya fún ẹlòmíràn, àtúnṣe kò ní bá a lọ mọ́. Ó ronú sí i títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ó wá ní, "Ìwé orin tó mọ́ fún gbogbo ènìyàn, kí oníkálukú mú pẹ́ńsù tirẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Olùkọ́ ni Bàbá. Bó bá ti rí àpẹẹrẹ, ìjà ti tán.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Iná kò sí láti àárọ̀. Mo jẹ lablabi, ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná, mo sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó ṣí. A pa á, a tún un ṣí. Si Mahrez yí ohùn síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ó tún tan án, Beya ṣáà ń ṣí. Wọ́n ń kun ilé àṣà lọ́dà, nítorí náà pálọ̀ wa ni ìfidánrawò yóò ti máa wáyé. Nígbà tí Si Mahrez wọlé pẹ̀lú fayolíìnì rẹ̀, ó tẹrí ba fún Màmá, ó ní, "Lella Beya, wọ́n ti gbà yín padà."

Màmá ní òun kò bẹ̀ wọ́n. Ó gbé kaak tí òun fi omi nesri tuntun ṣe síwájú wọn, kò sì ku ọ̀kan fún èmi tí mo ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún

Ìfidánrawò kejì. Bàbá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó gbé kanun, dùùrù olókùn rẹ̀, lé itan, ó ń fi orí jó gbogbo rẹ̀. Lella Chedlia ló ń kọrin. Àtìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti mọ ohùn obìnrin yìí. Lónìí, ó ń da ọ̀fun láàmú. Ó mu omi gbígbóná, ó mu oyin, ó ní bóyá ìyípadà ojú ọjọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Ọjọ́ búburú. Lella Chedlia dáwọ́ orin dúró láàárín ọ̀nà, lórí sika, ọ̀kan nínú àwọn ohùn malouf.

"Tijani, ohùn sika yìí ti ga jù. Kì í ṣe tiwa."

Bàbá ní ẹnu olóògbé Sheikh Khemais tó kọ́ wọn lórin ni òun ti wọn òṣùwọ̀n náà, kò sì sí ẹni tó yí i padà.

"Ẹnu olóògbé ni èmi náà ti kọ́ ọ."

"Bóyá etí rẹ ló ti ń rẹ̀, Chedlia."

Si Mahrez bẹ̀rẹ̀ sí í nu fayolíìnì tí kò dọ̀tí. Lella Chedlia wé ìborùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kí Màmá pé ó dàbọ̀, kò kí Bàbá. Lẹ́nu géètì, Si Mahrez rọra sọ fún mi pé òun á dúró di àárín ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á gba Tunis lọ ra èyí tí wọ́n ń tà. Ó ní òun lè ṣe eré láìsí Beya, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣe é láìsí Chedlia.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin

Lella Chedlia ló jàre, èmi ni mo sì fà á.

Fáìlì òṣùwọ̀n ohùn wà nínú yàrá ohun-èlò, níbi tó yẹ kí ó wà. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ku ìlà kan tí mo fojú fò, tó ṣì ń wá fáìlì yẹn ní ibùgbé àtijọ́. Nígbà tí kò bá sì rí i, Bàbá ti kọ ọ́ pé kí ètò má ṣe yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kí ó ṣáà lo òṣùwọ̀n ìlà-oòrùn tí òun fi dí àyè nígbà tí òun ń bẹ̀rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohùn àlejò gan-an ni a ti ń kọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo tún ìlà náà ṣe kí tíì mi tó tutù. Mo tẹ ohùn sika. Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ti orí ìloro bọ́ sínú ilé. Èmi tí n kò kọ́ orin gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọwọ́ mi dúró. Ọdún méjì ni Bàbá fi jókòó ti Sheikh Khemais kí ó tó rí ohùn yìí mú. Gbogbo ìfidánrawò ló sì jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí, tó ń mi orí.

Mo lọ bá Màmá lẹ́yìnkùlé. Ó ń ṣọ́ ìkòkò bàbà tó fi ń ṣe omi nesri. Mo bi í nípa etí Bàbá. Kò yíjú kúrò níbi iná.

"Á tó ọdún kan. Ó rò pé n kò mọ̀. Mo ti ń pariwo nínú ilé yìí láti ìgbà náà, ó sì ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìyàwó òun ti ń ya oníjà."

Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún mi. Ó ní òun kọ́ ló ni etí, ẹni tó ni ín ni kí ó sọ ọ́. Ó wá rán mi pé kí n lọ bá òun mú ìgò wá. Mo mú ìgò wá. Mo dúró tì í títí omi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo sọ ti fáìlì fún Bàbá. Mo ní èmi ni mo fojú fo ìlà kan. N kò fẹnu ba ọ̀rọ̀ etí rárá. Mo kàn bi í ìdí tí kò fi jẹ́ kí ètò náà pariwo nígbà tí kò rí òṣùwọ̀n.

"Kí ojú má baà tì wá lórí pèpéle ni. Bí nǹkan bá tilẹ̀ sọnù, kí eré ṣáà máa lọ."

"Bàbá, bí nǹkan bá sọnù tí ẹnikẹ́ni kò sọ, ta ni yóò bá wa wá a?"

Ti fáìlì ni mo ń wí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, mo rí i lójú rẹ̀ pé ibòmíràn ló lọ bà. Ó gbé ife kalẹ̀.

"Màmá rẹ ló sọ fún ọ."

"Ohùn sika ló sọ fún mi."

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú ẹrù kalẹ̀. Ó ní àwọn ohùn ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ti òkè ló ń fò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ rò pé okùn kanun ló gbó, ó sì pààrọ̀ gbogbo wọn. Láti ìgbà òtútù, ìka Si Mahrez lòun fi ń mọ ibi tí orin dé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí ẹgbẹ́ bá gbọ́, wọ́n á fún òun ní ìwé ẹ̀yẹ àti àga iwájú láàárín àwọn òǹwòran.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo kàn sọ pé Lella Chedlia ti ń rò pé ohùn òun ló ti di arúgbó.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn." Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó gba ìgò omi nesri kan lọ́wọ́ Màmá, ó jáde. Màmá dúró lójú fèrèsé títí ó fi yà ní igun mọ́sálásí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Lella Chedlia wá sọ bó ṣe lọ fún Màmá. Ó ní nígbà tí Tijani jẹ́wọ́ etí rẹ̀, òun kọ́kọ́ bú u tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé òun, nítorí òun ti ra oyin sílẹ̀ débi pé oyin inú ilé òun ti ju ti oníoyin lọ. Ó fún un ní kuskúsù ẹlẹ́ja, ó tún bù ú kún un. Kò tíì sọ fún Si Mahrez. Ó ní ẹnu Tijani ni yóò ti gbọ́ ọ. Oyin náà ti dé ọ̀dọ̀ Màmá.

Bàbá wá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà.

"Dorsaf, ṣé Beya lè fi ohùn hàn mí? Kí n máa fi ojú rí i."

Mo ní ó lè ṣe é. Abẹ́rẹ́ ni a ń ṣe báyìí. Bí okùn kanun bá dún, abẹ́rẹ́ á tẹ̀ sí òsì bí ohùn bá rẹlẹ̀, á tẹ̀ sí ọ̀tún bí ó bá ga, á sì dúró ṣánṣán nígbà tó bá bọ́ sí ibi tí Sheikh Khemais fi í sí. Mo dán Bàbá wò, mo bi í níbo ni a ó gbé e sí nínú àpò.

Ó ní, "Ohun tó ń gbọ́ okùn, olùrànlọ́wọ́ ni, yàrá àwọn olùrànlọ́wọ́ ló ń lọ. Àwòrán abẹ́rẹ́, yàrá ohun-èlò. Àmì tí mo bá fi sí i fúnra mi, ilé tèmi." Ó wò mí bí ẹni tó ń retí máàkì. Mo fún un ní gbogbo máàkì.

A tún yọ ìlà tó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ kúrò. Bí òṣùwọ̀n bá sọnù báyìí, Beya á sọ ọ́. Bàbá ló kọ ohun tí yóò sọ: "N kò rí òṣùwọ̀n ohùn. Ẹ dákún, ẹ má tíì kọrin."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Atẹ́gùn gbígbóná láti aṣálẹ̀ ń fẹ́. Iyanrìn wọ inú tíì, ó wọ inú bàtà.

Mo fi èdìdì dì í, kò mú. Mo tún un dì, kò mú. Mo tú àpò wò. Fọ́tò Sheikh Khemais ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó jẹ́ pé fódà kan ṣoṣo ló yẹ kí ó wà. Mo pe Bàbá.

"Kí ni olóògbé ń ṣe níta?"

"Mo ní kí ó máa kí àlejò káàbọ̀."

Mo ní kò lè dúró síta. A mú un wọ yàrá ohun-èlò, mo sì kọ ọ́ sínú ètò pé òun ni kí ó kọ́kọ́ yọ nígbà tí Beya bá ń ṣí. Bàbá ní ìyẹn tilẹ̀ dára ju ẹnu ọ̀nà lọ. Èdìdì mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìfidánrawò dùn bí oyin. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá sọ ti etí rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́, ní ìdúró, bíi pé iwájú kíláàsì ló wà. Si Mahrez ní, "Nítorí náà lo ṣe ń tẹjú mọ́ ọwọ́ mi láti ìgbà òtútù? Mo ti ń sọ nílé pé ìka mi wù ọ́." Kò dárúkọ Tunis mọ́. Kò sì sí ẹni tó dárúkọ àga iwájú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Eré ti kọjá. Mo jókòó síbi oòrùn àárọ̀ nínú àgbàlá láti kọ ọ́ kí ó tó di ìtàn tí Bàbá ń sọ, nítorí tirẹ̀ ti ń gùn sí i.

Àgbàlá ilé àṣà kún débi pé àwọn kan jókòó sórí odi. Ọ̀dà tuntun ṣì ń rùn, ó ń bá òórùn nesri jà. Beya ṣí, Sheikh Khemais yọ, àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n gbàdúrà fún un. Orin kìíní lọ geere. Nínú èkejì, ooru mú kí okùn kan nínú kanun Bàbá dẹ̀. Mo rí ojú Lella Chedlia. Si Mahrez náà gbọ́ ọ. Orin tó dá lé sika ló kàn.

Mo mọ ohun tí Bàbá ì bá ṣe lọ́dún tó kọjá. Ì bá yẹra fún okùn yẹn, kí ó máa rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n bí orin náà ṣe parí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì kọjú sí àwọn èèyàn.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Etí mi ti ń darúgbó. Ojú ni mo fi ń gbọ́ báyìí."

Ó yí kọ̀ǹpútà kí gbogbo wa lè máa rí abẹ́rẹ́ náà. Ó ta okùn, abẹ́rẹ́ tẹ̀ sí òsì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lọ́ ọ díẹ̀, ó ta á, abẹ́rẹ́ gòkè. Gbogbo àgbàlá ń wo abẹ́rẹ́ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù tó fẹ́ wọlé. Ó kọjá àárín. Ẹnì kan lórí odi mí kanlẹ̀. Bàbá dá a padà ní ìwọ̀n irun, abẹ́rẹ́ sì dúró ṣánṣán. Lella Chedlia kò dúró de ẹnikẹ́ni. Láti orí okùn tó ṣì ń dún yẹn ló ti gbé orin, ó sì gbé e débi tí n kò tíì gbọ́ kí ó gbé e dé rí.

Wọ́n ní kí wọ́n tún un kọ, wọ́n tún un kọ. Màmá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ní kí Bàbá sọ orúkọ ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó sọ ọ́, gbogbo àgbàlá sì yíjú wo Màmá. Ó ní kí wọ́n máa wo iwájú wọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Obìnrin akọrin kan láti El Kef gba Beya lọ́wọ́ Bàbá lẹ́yìn eré. Ó tẹ̀ wá láago lónìí. Mo gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní òun fà á sórí kọ̀ǹpútà òun, òun sì tẹ̀ ẹ́.

Bàbá bi í pé, "Kí ni kọ̀ǹpútà sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, Si Tijani. Ó ṣí ni."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó kí gbogbo ará El Kef. Ó lọ wọ aṣọ tó fi máa ń lọ síbi ìgbéyàwó. Màmá ti bá a gba àyè lọ́dọ̀ dókítà etí ní Tunis, mo sì ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ọkọ̀ kan náà la máa wọ̀. Mo ti gbé àpò mi sínú ọkọ̀. Mo rò pé àwa méjì là ń lọ, àfi bí mo ṣe rí i tí Màmá ń jáde bọ̀ pẹ̀lú pọ́ọ̀sì rẹ̀ àti kaak fún ojú ọ̀nà. Mo ní ṣé ẹ̀yin náà ń lọ ni.

Bàbá ló dáhùn. "Kí ni kò ní jẹ́ kí ó lọ? Ta ni yóò gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ?"